Ìrírí mi pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá alálùpùpù ní ìgbèríko Lincolnshire

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé ní gúúsù Lincolnshire, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọpọ́n, tí ọ̀nà tóóró sì ń gba àárín kòtò omi méjì kọjá. Àbàtà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbẹ́ àwọn kòtò náà láti fa omi rẹ̀ lọ sínú òkun. Ọkọ̀ tó bá yà kúrò lójú ọ̀dà nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni yóò gbé e mì, ìdí sì nìyẹn tí ọlọ́pàá fi nílò alùpùpù níbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pàdé wọn, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kan ló kú tí n kò mọ̀. Alùpùpù ńlá aláwọ̀ ìyeyè àti búlúù kan tẹ̀lé mi ní ìdájí, ó tan iná rẹ̀, mo sì dúró. Kí n má parọ́, ọwọ́ mi ti wà lórí pọ́ọ̀sì kí ọlọ́pàá náà tó sọ̀kalẹ̀, nítorí ojú tí mo fi ń wo ọlọ́pàá nílé ni mo gbé dé ibí. Ó kí mi dáadáa, ó fi iná tó kú náà hàn mí, ó ní kí n tún un ṣe, ó sì kìlọ̀ pé kí n rọra sáré níwájú, torí pé katakata tó ń kó bíìtì, ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, ti da ẹrẹ̀ sójú ọ̀nà, ó sì ń yọ̀. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí gbogbo oko ti di gbalasa. Mò ń po tíì fún màmá kan, opó àgbẹ̀, nígbà tí wọ́n nawọ́ sí ojú fèrèsé pé, "Wọ́n ti tún dé." Jíìpù méjì ló wà láàárín oko, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin àti ajá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ehoro ni wọ́n ń fi ajá lé, tẹ́tẹ́ ni wọ́n sì ń ta lé e lórí. Mo gbọ́ pé àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ sí àwọn tó fi owó sílẹ̀. Òfin ọdún 2004 ti ka ìdíje bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, òfin ọdún 2022 sì tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà láti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ pẹ̀lú èrò àtifi ajá wá ehoro. Màmá ní kí n má jáde rárá, nítorí ọkọ àwọn bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà kan, wọ́n sì fọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀.

Mo pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Obìnrin tó gbé e bèèrè ibi tí a wà gan-an, ó sì ní kí n ṣí áàpù kan tó pín gbogbo ayé sí ìwọ̀n mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, tó sì fún ibì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré! Ẹnu Ìjẹ̀bú mi kò jẹ́ kó gbọ́ ọ, àfìgbà tí mo pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Dúróònù ni a kọ́kọ́ gbọ́ lókè. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù méjì gba orí bèbè koríko kòtò omi wá, àwọn tó ga, tó fúyẹ́, tí táyà wọn ní eyín bíi ti katakata. Mo rò pé wọn yóò ya wọ inú oko láti lé àwọn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Afárá méjì péré ló wọ oko yẹn. Ọlọ́pàá kan dúró sí ìkíní, èkejì dúró sí ìkejì, kòtò omi sì ṣe ìyókù iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, jíìpù kan ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì táyà. Wọ́n kó àwọn ajá lọ, èyí tí màmá sọ pé ó ń dun irú wọn ju owó ìtanràn lọ, nítorí ilé ẹjọ́ lè gba owó ìtọ́jú ajá lọ́wọ́ wọn, kó sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti ní ajá.

Kì í ṣe ọ̀daràn nìkan ni wọ́n ń mú ṣá o. Ọmọ ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Yorùbá bíi tèmi, ra alùpùpù tí kò ní nọ́ńbà, ó sì ń gun ún lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́yìn abúlé. Wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un lábẹ́ abala 59 òfin ọlọ́pàá ọdún 2002 (Police Reform Act), tó kan ìwàkuwà ọkọ̀, ìkìlọ̀ tí wọ́n ní yóò dúró fún oṣù méjìlá. Ìyá rẹ̀ bi mí léèrè pé kí ló burú nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sí, n kò sì bá a gbè. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n tún bá a níbẹ̀, wọ́n sì gbé alùpùpù náà lọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó ìgbélọ àti owó ibi ìpamọ́, ó ju iye tó fi rà á lọ. Ó fi í sílẹ̀ fún wọn.