Ilé wa ni wọ́n ti máa ṣe Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, lọ́dún yìí, oven kan ṣoṣo, ẹ gbà mí o

Ìyàwó Baltimore:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Àwọn ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ láti Atlanta, àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ń bọ̀, a máa tó bí ogún, bẹ́ẹ̀ kíṣìnì mi, tí èèyàn méjì bá wọ̀ ọ́ ọ̀kan á jáde fún èkejì ni. Ìyá ọkọ mi ti ní jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ̀fọ́ rírò àti mọ́ínmọ́ín ewé ni àwọn fẹ́ jẹ, ọmọ wọn ní tiẹ̀ ní odidi tolotolo lòun fẹ́ bíi tàwọn ará ibí káwọn ọmọ lè yà á ní fọ́tò. Mo ti rí èyí tó tó páùn 20, ó ti dì gbagidi, mi ò sì yan odidi rí láyé mi. Ọjọ́ wo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n lọ ra oúnjẹ níta o, ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ.

Ìyá Ìbejì Houston:
Ìyàwó wa, o kú ìmúra. Inú fíríìjì ni kó ti yọ́ o, kì í ṣe orí kántà. Ọjọ́ kan fún páùn 4 sí 5, páùn 20 á gba ọjọ́ 4 sí 5 nìyẹn, Thursday sì ni Thanksgiving, torí náà láti Sátidé ni kó ti wà níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ tèmi ni, màá gé e ni jàre. Odidi tí wọ́n yan yẹn, àyà ẹ̀ á ti gbẹ bíi pákó kí itan tó jinná. Gé e lọ́jọ́ Wednesday, fi àlùbọ́sà, táìmù, kọ́rì àti ata rodo bọ̀ ọ́, má da omi ẹ̀ nù o, òun lo máa fi se jọ̀lọ́ọ̀fù.

Bọ̀dá Dallas:
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ bàbá ọmọ ní fọ́tò lòun fẹ́ 😂. Aunty, ẹ fi ti páùn 20 yẹn sílẹ̀, ẹ ra èyí tí kò ju páùn 12 lọ, ẹ yọ egungun ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sínú páànù, á tètè jinná ju odidi lọ, àyà àti itan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ jinná. Ẹ ki thermometer bọ ibi tó nípọn jù, kó má kan egungun, tó bá ti pé 165°F ó ti jinná. Ẹ wá ra apá tolotolo kún un, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dín in, ẹ jù ú sínú ọbẹ̀ ata. Mélòó gan-an nínú àwọn àlejò yín ló máa jẹ àyà tolotolo tí ò ní ata?

Adùkẹ́:
Bọ̀dá ti sọ ọ́. Mọ́ínmọ́ín ní tiẹ̀, Tuesday ni kẹ́ ẹ ti sè é, kó wọ fíríìjì, kẹ́ ẹ kàn fi ooru gbé e lọ́jọ́ náà. Tí ewé ò bá kárí, ẹ we ti màmá sínú ewé, kẹ́ ẹ rọ tàwọn tó kù sínú ike, ta ló fẹ́ bi yín. Orí iná ni kẹ́ ẹ ti se jọ̀lọ́ọ̀fù láàárọ̀ torí tolotolo á ti gba oven, tó bá ti jinná kẹ́ ẹ kó o sínú kúlà gbígbóná-gbóná kẹ́ ẹ sì dé e pa. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ńkọ́, ẹ má kàn ní kí wọ́n mú nǹkan wá o, kúlà ìrẹsì márùn-ún lẹ máa rí láìsí omi mímu kankan! Ẹ pín in fún wọn: lágbájá ẹ̀fọ́, tàmẹ̀dù dòdò.

Ìyá Ìbejì Houston:
Kẹ́ ẹ sì tètè ra ike take-away sílẹ̀, torí wọ́n á di oúnjẹ lọ ilé. Tí ìrẹsì bá ti kúrò nínú kúlà, kó má ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ kó tó wọ fíríìjì.

Ìyàwó Baltimore:
Ẹ ṣé gan-an ni o, Olúwa á bù kún yín. Èyí tó kéré náà ni màá rà, màá wá apá kún un. Ọkọ mi ló máa yọ egungun ẹ̀yìn yẹn ṣá, ṣebí òun ló fẹ́ fọ́tò.