Ọba wo ló wà nínú "ìjọba tiwa-n-tiwa"?

Tíṣà_Ìwó:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Lọ́jọ́ kan mo kọ "ìjọba tiwa-n-tiwa" sójú pátákó, ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́: "Mà, ṣebí jẹ àti ọba ló wà nínú ìjọba? Tó bá jẹ́ tiwa-n-tiwa, ta wá ni ọba ibẹ̀?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó, àmọ́ mi ò rí èsì fún un. Èmi náà wá fi tèmi kún un: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ńṣe là ń "jẹ" ọba? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ dìjà bíi ti ọjọ́ tí a dárúkọ Ọọ̀ni àti Aláàfin.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó:
Tiwa-n-tiwa kẹ̀? Tiwọn-n-tiwọn ni. Ọba pọ̀ ńbẹ̀ jàra, wọn ò kàn dé adé ni 😂

Bàbá_Bẹẹrẹ:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé ọba wà ńbẹ̀ nígbà kan, mo sì rí adé rẹ̀ fojú ara mi. Kọ́bọ̀ onihò ni ìyá mi fi ń rán mi lọ ra ẹ̀kọ láàárọ̀. Adé kékeré kan wà lókè ihò yẹn gan-an, orúkọ George, ọba Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lára rẹ̀. Ọba yẹn ni ajẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún, òun náà ni wọ́n ń gba owó orí fún. Nítorí náà, nígbà tí àwọn bàbá wa bá ní "ìjọba ń bọ̀" tí wọ́n sì wọ igbó lọ, wọn ò ṣì í pè. Kódà lẹ́yìn tí a gba òmìnira ní 1960, Ọbabìnrin Elizabeth ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè yìí títí di October 1, 1963. Ọba lọ, orúkọ ti mọ́ wa lẹ́nu. Azikiwe tó gbapò rẹ̀, "ààrẹ" là ń pe irú rẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ oyè ogun ni ààrẹ lọ́dọ̀ tiwa: Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, irú Kúrunmí Ìjàyè. Ẹ ò rí i pé a kó wọn pọ̀ mọ́ra ṣá.

Abẹ́kẹ́_Peckham:
Ẹ má gbàgbé Bíbélì o, bàbá. "Kí ìjọba rẹ dé" ti wà lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ tipẹ́. Odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884.

Àyàn_Ọ̀yọ́:
Ní ti "jẹ", ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé ọba tuntun gbọ́dọ̀ tọ́ ọkàn ọba tó wàjà wò. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé ó jẹ ọba.

Bàbá_Bẹẹrẹ:
Àbúrò, mo ti gbọ́ ìtàn yẹn, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ńkọ́? Baálẹ̀ là ń jẹ níbí títí di 1936, kí wọ́n tó sọ oyè náà di Olúbàdàn lásìkò Alẹ́sinlọ́yẹ̀. Ọkàn ta ni àwọn Baálẹ̀ tọ́ wò? Ìyálóde ń jẹ oyè, Mọ́gàjí ń jẹ. A ń jẹ ogún, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà. Lójú tèmi, ohun tó bá já lé èèyàn lọ́wọ́ tí kò ṣeé dá padà là ń jẹ. Gómìnà tí a dìbò fún, "ó wọlé" là ń wí, torí ó máa jáde.

Àyàn_Ọ̀yọ́:
Bàbá, ẹnu yín dùn, àmọ́ mi ò tíì gbà. Àwọn tó bí mi lọ́mọ, ààfin ni wọ́n ti ń lùlù, wọn kì í ṣàdédé sọ̀rọ̀.

Tíṣà_Ìwó:
Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Kí ẹ tó lọ, sà: "baálẹ̀" àti "baálé", baba ilẹ̀ àti baba ilé, àbí?

Bàbá_Bẹẹrẹ:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sáà jẹ́ kí wọ́n fi àmì sí i dáadáa.