Mo fẹ́ mú òwò mi gbòòrò dé Àjàṣẹ́: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ìfẹ́ Ọlọ́run ni tàbí ìfẹ́ ara mi?

Abílékọ Alágbàdo (Kétu)

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti àwọn ọmọ wa. Àgbàdo àti gààrí ni mo ń tà. Mo máa ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí wa ká nígbà ìkórè, mo ń kó o pamọ́, mo sì ń tà á fún àwọn tó ń wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọ̀nú, àti fún àwọn ará Nàìjíríà tó ń gba ẹnubodè Ìlárá wọlé.

Ó ti pẹ́ tí ó ti wà lọ́kàn mi láti gba ìsọ̀ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, kí n lè máa bá àwọn oníbàárà ná an fúnra mi, dípò kí èrè tó pọ̀ jù níbẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà. N kò ní fi pamọ́ fún yín pé ohun tí mo ń wá ju oúnjẹ òòjọ́ lọ. Mo fẹ́ kí òwò mi tóbi, kí n lè rán àwọn ọmọ mi lọ sí yunifásítì láìyá owó, kí n sì gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin díẹ̀ sọ́dọ̀ kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ẹgbẹ́ àdúrà wa, alàgbà kan dìde, wọ́n ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ayé, pé ìwà-bí-Ọlọ́run pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn ni èrè ńlá, àti pé àwọn rí òkùnkùn lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ nínú ìran. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbààwẹ̀ tí mo sì ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n n kò lá àlá kankan, n kò sì gbọ́ ohùn kankan.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni pé n kò lè ya èyí tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá nínú ìfẹ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti inú ìlara wá, nítorí pé àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ òwò ti gba iwájú mi lọ. Bí Ọlọ́run bá mọ èrò tí òun ń gbà sí mi gẹ́gẹ́ bí Jeremáyà 29:11 ti wí, kí ló dé tí kò fi èrò náà hàn mí? Ṣé kí n pa ìfẹ́ náà rẹ́ lọ́kàn mi pátápátá ni, kí ó lè dá mi lójú pé mo wà nínú ìfẹ́ rẹ̀?

Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì (Àjàṣẹ́)

Arábìnrin mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ Bíbélì tí ẹ tọ́ka sí, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni ìnira yín ti ṣẹ̀. Lẹ́tà ni Jeremáyà orí 29 jẹ́, tí wòlíì náà kọ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí a ti kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì, ó sì sọ fún wọn pé 70 ọdún ni yóò kọjá kí Ọlọ́run tó mú wọn padà, débi pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó gbọ́ lẹ́tà náà kò ní fojú ara wọn rí ìpadàbọ̀ náà. Kò sí ibi tí Ọlọ́run ti sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn irú iṣẹ́ tí yóò ṣe tàbí ọjà tí yóò ná. Ohun tó sọ, ní ẹsẹ 5 sí 7, ni pé kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá dúró de ìran kí ó tó gbin ẹ̀fọ́ yóò ti ṣàìgbọràn sí àṣẹ tó ti wà nínú lẹ́tà náà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, n kò rò pé Ọlọ́run fi ohunkóhun pamọ́ fún yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìfẹ́ rẹ̀ ti wà ní kíkọ, ó sì kan òwò yín ju bí a ti máa ń rò lọ. Ẹ wo Òwe orí 11: ẹsẹ kìíní sọ pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa, ẹsẹ 26 sì sọ pé àwọn ènìyàn yóò fi ẹni tó dá ọkà dúró bú, ṣùgbọ́n ìbùkún yóò wà lórí ẹni tó tà á. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìkórè àti ìgbà tí àgbàdo bá wọ́n. Kíkó ọkà pamọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí Jósẹ́fù pàápàá kó ọkà pamọ́ ní Íjíbítì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tó pa á mọ́ kí oúnjẹ lè wà nígbà ọ̀wọ́n àti ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí ọ̀wọ́n náà lè le sí i. Bí ẹ bá lè dáhùn níwájú Ọlọ́run nípa abọ́ tí ẹ fi ń wọn àgbàdo, nípa iye tí ẹ ń san fún àgbẹ̀ tí àìní ti gbá lọ́rùn mú, àti nípa owó àwọn alágbàárù yín, ẹ wà nínú ìfẹ́ Ọlọ́run ju ẹni tó ń ríran lóru tó sì ń fi òṣùwọ̀n èké tajà lọ́sàn-án lọ.

Ní ti ìrìn-àjò sí Àjàṣẹ́, àfi bí ẹni pé Jákọ́bù mọ̀ yín. Ní orí 4 ìwé rẹ̀ nínú Bíbélì, ẹsẹ 13 sí 15, ó bá àwọn kan wí tó ń sọ pé àwọn yóò lọ sí ìlú báyìí, àwọn yóò lo ọdún kan níbẹ̀, àwọn yóò ṣòwò, àwọn yóò sì jèrè. Síbẹ̀ kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má lọ. Ó ní ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ni pé bí Olúwa bá fẹ́, àwọn yóò wà láàyè, àwọn yóò sì ṣe èyí tàbí ìyẹn. Ìlérí tí wọ́n ń fi ọ̀la ṣe, bí ẹni pé àwọn ló ni ọ̀la, ni ó bá wọn wí lé lórí.

Ìran alàgbà náà kò di yín lọ́wọ́, lójú tèmi. Bí Ọlọ́run bá ní ohun kan láti sọ fún yín, ó mọ ilé yín.

Ọmọ Ìjọ Mímọ́ (Àjàṣẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa oníwàásù, mo sì fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa ọkà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ bí wọ́n ṣe fo ọ̀rọ̀ ìran kọjá. Ìlú Àjàṣẹ́ yìí ni ìjọ tí mo wà, Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, a sì gbà pé nípa ìran ni ìpè náà fi dé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Samuel Oshoffa tí Ọlọ́run lò, ìtàn ìjọ wa sì sọ pé òwò igi ló gbé wọn wọ igbó nígbà tí ìpè náà bá wọn. Iṣẹ́ òòjọ́ kò lé ohùn Ọlọ́run sá lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìran kì í ṣe ohun tí a lè gbá dànù. 1 Tẹsalóníkà 5:19 sí 21 kọ̀ fún wa láti kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀, ó sì pa á láṣẹ, nínú ọ̀rọ̀ kan náà, pé kí a dán ohun gbogbo wò.

Báwo ni a ṣe ń dán an wò? Mo bẹ̀ yín kí ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 21. Ágábù, tó jẹ́ wòlíì tòótọ́, dé sí Kesaréà, ó mú àmùrè Pọ́ọ̀lù, ó fi de ara rẹ̀ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Júù ní Jerúsálẹ́mù yóò ṣe de ẹni tó ni àmùrè náà. Àwọn ará tó wà níbẹ̀, títí kan Lúùkù tó kọ ìwé náà, bẹ̀rẹ̀ sí bẹ Pọ́ọ̀lù pé kí ó má gòkè lọ. Ẹ kíyè sí i pé Ágábù kò sọ pé kí ó má lọ. Àwọn tó gbọ́ ọ ni wọ́n fi ìyẹn kún un. Ìdè wà lójú ọ̀nà lóòótọ́, Pọ́ọ̀lù sì lọ síbẹ̀, nígbà tí wọn kò sì lè yí i lọ́kàn padà, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí ìfẹ́ Olúwa ṣẹ.

Alàgbà yín lè ti rí òkùnkùn lóòótọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni ẹ kò tíì mọ̀ bóyá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni. Ó lè jẹ́ ìkìlọ̀ nípa ẹni tí ẹ fẹ́ bá dòwò pọ̀, ó lè jẹ́ pé kí ẹ má rin ọ̀nà Pobè àti Sakété lóru pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹ kò gbọdọ̀ lọ rárá. Ẹ padà lọ bá wọn, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí gan-an, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀, kí àwọn mìíràn tó ní ẹ̀bùn kan náà sì gbé e yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí 1 Kọ́ríńtì 14:29 ti wí.

Ìyá Àgbà (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kò dá ọ lóhùn lórí ìlara tí o fi ẹnu ara rẹ sọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dùn ọ́ jù nìyẹn. Bí a bá ní kí a dúró títí èrò ọkàn wa yóò fi mọ́ pátápátá kí a tó ṣe ohun rere, ta ni yóò tọrẹ, ta ni yóò sì wàásù? Nígbà tí Jákọ́bù àti Jòhánù ní kí Jésù fún àwọn ní àyè ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì rẹ̀, nínú Máàkù orí 10, kò sọ pé kí wọ́n má fẹ́ di ẹni ńlá mọ́. Ó fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn wọ́n, pé ẹni tó bá fẹ́ pọ̀ yóò ṣe ìránṣẹ́ àwọn yòókù. O ní o fẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin sọ́dọ̀. Bi ara rẹ léèrè bóyá inú rẹ yóò dùn bí ọ̀kan nínú wọn bá gba ìsọ̀ sí ọjà kan náà lọ́la tí òwò rẹ̀ sì ju tìrẹ lọ.

Má pa ìfẹ́ náà. Dáfídì fẹ́ kọ́ ilé fún Ọlọ́run, Nátánì wòlíì sì ní kí ó máa ṣe é, àmọ́ ní òru ọjọ́ náà ni Ọlọ́run sọ pé rárá. Síbẹ̀ nígbà tí Sólómọ́nì ń ya tẹ́ńpìlì sí mímọ́, nínú 1 Ọba 8:18, ó sọ pé Ọlọ́run wí fún bàbá òun pé ó ṣe rere tí ó fi wà lọ́kàn rẹ̀. Ọlọ́run kọ iṣẹ́ náà fún un, ó sì yin ìfẹ́ náà. Dáfídì kò sì bínú lọ. Òkúta, irin àti igi kédárì tí ọmọ rẹ̀ yóò lò ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o dé nínú àdúrà rẹ, kí o lè gba bẹ́ẹ̀ ni, kí o sì lè gba bẹ́ẹ̀ kọ́, láìṣe pé o ń fi ìkejì dẹ́rù ba ara rẹ.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ẹnì kankan kò béèrè. Kétu sí Àjàṣẹ́ kì í ṣe ibi tí abiyamọ ń lọ tí ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ náà?

Abílékọ Alágbàdo (Kétu)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi. Ìyá mi, ẹ ṣeun. Mo gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè tí ẹ bi mí nípa àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà, n kò sì lè fi òótọ́ inú sọ bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀, nítorí náà èyí ni mo ń gbàdúrà lé lórí báyìí dípò àlá. Ní ti àwọn ọmọ, ọkọ mi dá a lábàá pé kí n kọ́kọ́ máa kó àgbàdo lọ nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ nìkan, nígbà tí àwọn pàápàá wà nílé, kí n sì máa tà á ní ìsọ̀ ojúlùmọ̀ wa kan kí a tó san owó ìsọ̀ tiwa.

Ẹyọ ìbéèrè kan ló kù. Alàgbà tí mo sọ nípa wọn jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi. Báwo ni mo ṣe máa bi wọ́n léèrè nípa ìran wọn tí kò fi ní dà bí ẹni pé mo ń bá wọn jiyàn?

Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì (Àjàṣẹ́)

Àlàyé tí àbúrò wa ṣe lórí Ágábù fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn pé kí ẹ lọ bá wọn. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ni kí ẹ jọ lọ, sí ilé wọn, kì í ṣe ní ìpàdé àdúrà níbi tí ojú àwọn ènìyàn yóò ti mú kí ó ṣòro fún wọn láti tún ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí bàbá wọn ni. Kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dúpẹ́ pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yín lékàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún ìran náà sọ fún yín bí wọ́n ṣe rí i. Ẹ má ka ẹsẹ Bíbélì fún wọn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ètò ìgbà ìsinmi yẹn fún wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàdúrà fún yín lórí ọ̀nà náà. Bí wọ́n bá ṣì tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ má lọ, ẹ tọrọ ààyè pé kí gbogbo yín jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ yín. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní owó ìsọ̀ ní Ouando kí ọ̀rọ̀ yìí tó yanjú nínú ẹbí.