Ṣé kí n fi Kimberella bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ibi tí ìgbín, ìsáwùrú àti octopus ti ṣẹ̀ wá. Kimberella ló wà lọ́kàn mi: ẹranko inú òkun tó gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 555 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n rí àmì ara rẹ̀ nínú àpáta létí Òkun Funfun ní Rọ́ṣíà. Àmì tó jọ ibi tó ti ń ha oúnjẹ wà níbẹ̀, bí ìgbín ṣe ń fi ahọ́n eléyín ha ewé. Ó wú mi lórí gan-an! Àmọ́ àwọn onímọ̀ kan ò gbà pé ẹbí ìgbín ni. Ṣé kí n ṣàlàyé àríyànjiyàn yìí fọ́mọ ọdún 14, àbí kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ìkarahun kéékèèké ìgbà Cambrian, ìyẹn sáà tó tẹ̀ lé ti Kimberella nínú ìtàn ayé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.