Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n gbé crossbow (ọrun tó ní ìdí àti ohun tí wọ́n ń fà bíi ti ìbọn) fún ọmọ mi àbí ká dúró?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọrun dẹ àgbọ̀nrín ní Texas níbí. Ẹ má bínú, ó máa gùn díẹ̀.

Àwọn ọmọ mi méjèèjì ló fẹ́ bá mi wọgbó tí síísìn ọfà bá ṣí. Ti ẹ̀gbọ́n ò le, ó ti ṣe hunter education (ẹ̀kọ́ ọdẹ) tán, ọrun tó le tó páùn 45 ló ń fà, láti yáàdì 20 ó ń ta á síbi ẹ̀dọ̀fóró ère àgbọ̀nrín onífóòmù tá a fi ń dánra wò dáadáa. Àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún 11, ni mò ń rò. Ojú ẹ̀ mú ju tèmi gan-an lọ, ká má purọ́, àmọ́ páùn 30 lagbára ẹ̀ mọ, tí mo bá fi díẹ̀ kún un báyìí apá ẹ̀ á máa gbọ̀n, ọfà á sì lọ síbi tó wù ú. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ní ó yẹ kó tó 40 kí ọfà tó lè wọlé, torí kéèyàn kàn ṣe ẹran léṣe kó sá lọ kú sínú igbó, ìyà lásán nìyẹn.

Mo ti tún ọrun ẹ̀ ṣe kó bá gígùn apá ẹ̀ mu, mo ti ra ọfà tó wúwo. Mo ní kó kàn jókòó tì mí lórí ègùn kó máa wòran lọ́dún yìí, ló bá bú sẹ́kún. Òfin gba crossbow níbí, èmi á máa bá a fà á, àmọ́ ìyá wọn ní ìyẹn ti fẹ́ẹ̀ di ìbọn.

Tó bá jẹ́ ọmọ tiyín, ṣé ẹ máa gbé crossbow fún un àbí ẹ máa ní kó dúró dìgbà tápá ẹ̀ bá gbé 40? Ẹ ṣé gan-an o, mò ń retí yín.