Gọ́ọ̀mù wo ló yẹ gíláàsì iwájú Ìjàpá 1974?

Aláìjàpá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Volkswagen Ìjàpá 1974 ni, èyí tí gíláàsì rẹ̀ kò tẹ̀ púpọ̀, kì í ṣe Super 1303. Gíláàsì iwájú ti là, òjò sì ń wọlé, ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í gbẹ. Mo ti ra gíláàsì laminated tuntun (gíláàsì méjì tí ike wà láàárín wọn) àti rọ́bà tuntun. Ẹni tó fẹ́ bá mi fi í sí ní sílíkóònù lòun máa fi yí etí rẹ̀ ká. Ẹlòmíì ní kí n ra urethane tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì Corolla. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Túùbù mélòó ló máa tó?

Baba Gíláàsì
Àbúrò, má mú ìkankan. Rọ́bà ló ń di gíláàsì Ìjàpá mú, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ojú méjì ni rọ́bà náà ní: ọ̀kan gbé gíláàsì mì, ìkejì gé etí irin ojú fèrèsé jẹ. Bí rọ́bà bá rọ̀ tí irin sì mọ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Peugeot 504.

Ti Corolla òde òní yàtọ̀. Irin tirẹ̀ pẹrẹsẹ ni, urethane ló lẹ gíláàsì mọ́ ọn, gíláàsì yẹn sì wà lára ohun tó ń gbé òrùlé dúró. Airbag (àpò afẹ́fẹ́ ìdáàbòbò) apá èrò pàápàá, gíláàsì ló ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá tú. Ìjàpá ò ní irú rẹ̀. Tí o bá fi urethane sínú rọ́bà, lóòótọ́ ni omi ò ní wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí gíláàsì bá tún là, ọ̀bẹ lo máa fi gé rọ́bà tí o fowó rà jáde wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì bá a lọ.

Sílíkóònù ló burú jù. Èyí tó ń rùn bí fínígà ń tú ásíìdì jáde bó ṣe ń gbẹ. Ásíìdì yẹn á jẹ irin níbi tí ọ̀dà bá ti ha, á sì wọ etí gíláàsì laminated, níbi tí ike àárín rẹ̀ wà, etí náà á funfun bíi kùrukùru. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí sílíkóònù bá ti kàn, ọ̀dà tuntun kì í jókòó síbẹ̀ mọ́, ihò wẹ́wẹ́ ló máa ń là.

Ọmọ Panẹlibítà
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Nínú Ìjàpá, omi tó wà nílẹ̀ lè wá láti rọ́bà bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú tàbí láti inú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níwájú gíláàsì, bí ewé bá ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde nínú rẹ̀. Ẹ fi tíṣù yí etí gíláàsì ká láti inú. Kí ẹnìkan máa fi hóòsì da omi díẹ̀díẹ̀ láti ìta, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìṣẹ́jú méjì méjì ní ibì kan. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn kálẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wọlé. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń fọ mọ́tò yin omi sí i. Ẹ̀rọ yẹn á ti omi gba ibi tí òjò kò lè gbà láéláé.

Aláìjàpá
Mo ti ṣe é. Igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ni tíṣù ti rọ̀. Nígbà tí mo gbé rọ́bà àtijọ́ sókè díẹ̀, ìpẹtà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó gùn tó ìka méjì. Ṣé rọ́bà tuntun á bò ó?

Ọmọ Panẹlibítà
Kò ní bò ó. Orí ìpẹtà kì í tẹ́jú, rọ́bà ò sì lè jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ẹ yọ gíláàsì kúrò pátápátá. Gíláàsì yín ti là ná, ẹ kàn fi ọ̀bẹ gé ètè rọ́bà láti ìta, yóò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ibẹ̀ títí irin á fi funfun. Bí irin bá ti lu, kí wọ́n gé e, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Pọ́ti kò lè dúró ní etí yẹn, torí rọ́bà ń fún un mọ́ra tọ̀tún tòsì, á fọ́. Wẹ́lídà gbọ́dọ̀ lọ etí náà kó má nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá nípọn jù, rọ́bà ò ní wọ̀ ọ́, gíláàsì á sì là níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi í sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kun epoxy primer (ọ̀dà ìpìlẹ̀), kí ọ̀dà tẹ̀lé e. Ẹ fún ọ̀dà ní ọjọ́ púpọ̀ kó gbẹ dénú. Ọ̀dà tó ṣì tutù lábẹ́ á lẹ̀ mọ́ rọ́bà, á sì bó.

Baba Gíláàsì
Bó o ṣe máa fi í sí nìyí. Orí tábìlì tí o tẹ́ aṣọ sí ni kó o ti fi rọ́bà wọ gíláàsì. Tí rọ́bà rẹ bá jẹ́ irú èyí tó ní ojú fún irin dídán, orí tábìlì náà ni kó o ti fi irin yẹn sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé, wọ́n á fi gíláàsì sínú mọ́tò tán kí wọ́n tó rántí, iṣẹ́ á di méjì.

Wá okùn tó le, tó sì ń yọ̀, tó nípọn bíi mílímítà 4 sí 6. Tẹ̀ ẹ́ sínú ojú rọ́bà tó máa gé irin jẹ, yí i ká, kí orí méjèèjì pàdé ní àárín ìsàlẹ̀, kí wọ́n kọjá ara wọn tó ìbú ọwọ́ kan. Fi omi ọṣẹ ìfọbọ́ pa rọ́bà àti etí irin. Má lo gírísì, má lo epo ẹ́ńjìnnì: wọ́n ń mú rọ́bà wú. Ẹnìkan á gbé gíláàsì sí ojú ibi tó yẹ láti ìta, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìwọ wà nínú mọ́tò, máa fa okùn láti àárín ìsàlẹ̀, kí ètè rọ́bà máa fò wọlé lórí irin. Ibi tí o bá ń fà ni kí ẹni ìta máa tẹ̀, kì í ṣe ibòmíì. Parí ìsàlẹ̀, gba igun méjèèjì, kí òkè kẹ́yìn. Tí ó bá há, dúró, fi ọṣẹ kún un. Laminated kì í gba kí a fi ìkúùkù lù ú.

Ìyá Wágùn
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, a ò tíì dá a lóhùn lórí gọ́ọ̀mù. Ó ní èyí tó dáa fún rọ́bà: sealant tí kì í gan, irú bíi Bedding and Glazing Compound ti 3M. Ó máa ń rọ̀ títí ayé, ó sì ń bó tí wọ́n bá fẹ́ yọ gíláàsì. Ẹ fi gíláàsì sí láìlo nǹkan kan, ẹ dán an wò pẹ̀lú omi, kí ẹ tó pinnu. Tó bá ń jò, ẹ fi ike pẹlẹbẹ gbé ètè rọ́bà, ẹ ti imú túùbù bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi díẹ̀ sí àárín rọ́bà àti irin. Tí ó bá jẹ́ àárín gíláàsì àti rọ́bà ló ń jò, ibẹ̀ náà ni. Túùbù kan á tó, á tún ṣẹ́kù. White spirit lára àkísà ni ẹ fi nu èyí tó bá yọ jáde, kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára rọ́bà.

Baba Gíláàsì
Mo fara mọ́ ọn, àfi ibì kan. Irin tí wọ́n ti jó, mo máa ń fẹ́ kí sealant wà ní ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré. Etí tí wẹ́lídà ti lọ̀ kì í tẹ́jú bíi ti ilé iṣẹ́.

Ìyá Wágùn
Ó dáa, ṣùgbọ́n kó má kún jù. Tó bá pọ̀ jù, okùn á máa wọ́ ọ jáde sórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ará Houston
Ẹ jọ̀ọ́, Mustang 1969 lèmi ní. Mo gbọ́ pé ti 1965 sí 1968 ló ń lo rọ́bà. Tèmi wá ńkọ́?

Ọmọ Panẹlibítà
Tiyín, lílẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Butyl ni wọ́n fi ṣe é ní ilé iṣẹ́, okùn dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹni tó ń wa mọ́tò náà lójú títì, urethane ni mo máa sọ fún un. Oòrùn Texas ń mú butyl rọ̀, gíláàsì á máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí kò bá sí rọ́bà kéékèèké méjì tí ó jókòó lé nísàlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ urethane, butyl àtijọ́ gbọ́dọ̀ tán pátápátá: urethane kì í mú lórí butyl. Àwọn tó fi butyl wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀ sílẹ̀ ni gíláàsì wọn ń ṣí.

Gíláàsì àtijọ́ ò ní bẹ́líìtì dúdú tí wọ́n jó mọ́ etí gíláàsì òde òní. Bẹ́líìtì yẹn ló ń dáàbò bo urethane lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ kun primer dúdú tí wọ́n ṣe fún gíláàsì sí etí rẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹ tún kun primer irin síbi tí ọ̀dà bá ti ha.

Ẹ ra túùbù méjì ti mílílítà 310, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ gé imú rẹ̀ ní V, kí ìlà tó máa jáde ga tó mílímítà 12, kó má já níbì kankan. Ẹ gbé gíláàsì lé e láàárín ìṣẹ́jú 10, kí ojú rẹ̀ tó yi. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kan irin. Ẹ fi téèpù de gíláàsì mú, kí ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ fún ọjọ́ kan. Bí gbogbo fèrèsé bá tì tí ẹnìkan sì pa ilẹ̀kùn gbàgà, afẹ́fẹ́ inú á ti gíláàsì kúrò níbi tó wà. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú urethane le, nítorí náà ní àsìkò tí ibẹ̀ bá gbẹ bí ọyẹ́, ẹ fún un ní àkókò sí i ju èyí tí wọ́n kọ sára túùbù.

Aláìjàpá
Ẹ ṣeun gan-an. Irin dídán mi ti wà nínú rọ́bà lórí tábìlì. Mo máa mú mọ́tò lọ sọ́dọ̀ wẹ́lídà kí n tó ra sealant.