Bodè àlọ, bodè àbọ̀: ìdí tí mi ò fi fara mọ́ ‘ìlà ìbẹ̀rẹ̀’

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún ‘start line’ àti ‘finish line’ nínú eré ìje ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Jos ní kí a jẹ́ kí ‘ìlà ìbẹ̀rẹ̀’ àti ‘ìlà ìparí’ dúró. Wọ́n ní àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré ń lò ó, kí ló tún kù? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Aràbàbà ni mo máa pè é. Ẹni tó bá ti dúró nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Dei-Dei, l’Ábújá, lọ́sàn-án gangan á ti rí àwòdì tó ń rà bàbà: kò lu ìyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ru sókè ló gbé e. Bí aràbàbà ṣe ń rí òkè gùn náà nìyẹn.

Ọmọ mi fi XCSoar, áàpù tí àwọn tó ń wa aràbàbà fi ń mọ̀nà, sórí fóònù, ó ń fi fò láìkúrò lórí àga. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Mọ́mì, mo rí ìlà lórí máàpù, àmọ́ tí èèyàn bá wà lókè níbẹ̀, ìlà dà?” Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibí.

Kò síbì kankan tí ìlà wà. Àwọn olùṣètò ìdíje á yan ojú ibì kan, wọ́n á sọ bí ìlà ṣe gùn tó, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á sì gbé e dábùú ọ̀nà tó lọ síbi ìyípo àkọ́kọ́ (ibi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé kó tó yí), ìdajì rẹ̀ lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Kò tilẹ̀ sùn sílẹ̀ bí ìlà ẹfun tí wọ́n ń fà sórí pápá. Ńṣe ló nà ró bí ògiri, wọ́n sì lè ní ẹni tó bá ga ju ìwọ̀n báyìí lọ kò gbọdọ̀ gbabẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò wá ìlà kankan. Ohun tó ń wò ni pé: apá ibo lọkọ̀ wà báyìí, apá ibo ló wà lẹ́ẹ̀kan?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ẹ̀rọ ń kọ ibi tí ọkọ̀ wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 4-4, tí ọkọ̀ sì ń sá kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Láàárín àkọsílẹ̀ méjì, ó ti rin nǹkan bíi mítà 167. Bí ó bá ku mítà 60 kó dé ògiri náà ní aago 13:02:10, nígbà tó bá fi máa di 13:02:14 ó ti kọjá tipẹ́. Àkọsílẹ̀ kankan kò bọ́ sórí ìlà. Kọ̀ǹpútà á wá pín ọ̀nà náà, á ní aago 13:02:11 ló kọjá.

Ohun tí a bá ń fi ìhín àti ọ̀hún mọ̀, ṣé kì í ṣe bodè ni? Ẹ wo City Gate tiwa ní Àbújá: kò ní ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kì í ti í, síbẹ̀ gbogbo wa mọ̀gbà tí a wọ ìlú. Ní Kánò, odi ti wó níbi púpọ̀, síbẹ̀ bodè tí wọ́n ń pè ní Kofar Mata ṣì ń jẹ́ Kofar Mata. Àwa náà ní Bodè n’Íbàdàn. Bodè sì ní oníbodè, ẹni tó ń wo ẹni tó jáde àti ẹni tó wọlé. Orúkọ tó yẹ kọ̀ǹpútà náà rèé lófẹ̀ẹ́!

‘Ìbẹ̀rẹ̀’ ló tún kù. Aràbàbà ti lè wà lófuurufú fún wákàtí kan gbáko kó tó bẹ̀rẹ̀ ìje. Bó bá rò pé àsìkò tí òun jáde kò dáa, ó lè padà sẹ́yìn kó tún gba bodè. Ìbẹ̀rẹ̀ wo nìyẹn? Bákan náà, ẹni tó ‘parí’ kò tíì balẹ̀. Nítorí náà, kí ‘ìlà ìbẹ̀rẹ̀’ máa jẹ́ bodè àlọ, kí ‘ìlà ìparí’ máa jẹ́ bodè àbọ̀. Ẹnì kan á sọ pé ìrìn mìíràn kì í padà sílé. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdíje tó ń padà ló pọ̀ jù. Kí ìyókù máa jẹ́ bodè òpin.

Ẹ dákun, ẹ má lo ‘ìrékọjá’ tí aráa Kàdúná dábàá fún kíkọjá ìlà náà. Gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa rò pé àjọ̀dún àìwúkàrà ni. ‘Gba bodè’ ti tó.

Nígbà mìíràn wọn kì í lo ìlà rárá, òbìrí róbótó ni. Ní àlọ, ọkọ̀ á ti inú rẹ̀ jáde. Ní àbọ̀, á ti ìta wọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ kí a pe ìyẹn ní odi, nítorí odi ló ń yí ìlú ká. Ẹ̀gbọ́n Jos, mo mọ̀ pé ẹ máa ní odi kì í ṣí níbi gbogbo. Tèmi ni pé èyí jẹ́ odi tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ bodè. Ẹ fèsì.